Ìpò Kẹrin Lẹ́ẹ̀mejì, Lẹ́yìn Náà Góòlù Àgbáyé: Ohun Tí Ìjákulẹ̀ Ń Ṣe Lọ́kàn Eléré Ìdárayá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé tó ṣubú ń wo iwájú bóyá ẹnì kan ń bọ̀ tó máa gbé òun dìde. Àgbà tó ṣubú ń wo ẹ̀yìn kó lè rí ohun tó gbé òun ṣubú, kí ohun náà má baà gbé òun ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá gbé òwe yìí lọ sí pápá ìṣeré, a ó rí i pé òun gan-an ló ń ya eléré ìdárayá tó máa goróókè sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a kò ní gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Keje ọdún 2022, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Òde kan, Olúwatóbilọ́ba Ayọ̀mídé Amúsàn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tóbi, sá eré ọgọ́rùn-ún mítà onídènà ní ìlú Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ló fi sá a ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Kò sí obìnrin kankan láyé tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì mọ́ lọ́dọ̀ wa níbí nígbà tí wọ́n sá àṣekágbá. Ó tún fi 12.06 borí gbogbo wọn. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lẹ́yìn wọn ju ohun tí òfin gbà láàyè lọ, nítorí náà wọn kò ka 12.06 yẹn sí rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n góòlù di tirẹ̀. Báyìí ni ó ṣe di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba góòlù nínú ìdíje eré sísá àgbáyé, tó sì tún ní rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rí omijé lójú ọmọ náà nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló rántí ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Ọ̀nà náà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa rìn lónìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ní ọmọ nílé.

Ọmọ tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹrin ọdún 1997 ni wọ́n bí Tóbi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ girama Our Lady of Apostles ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ti kàwé. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn nígbà púpọ̀ pé bàbá òun kò kọ́kọ́ fẹ́ kí òun máa sáré. Ìwé ni bàbá fẹ́ kí òun gbájú mọ́. Ìyá ló ń bò ó láṣìírí tí ó fi ń lọ sí pápá.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá bàbá náà wí. Nínú ilé tí tíṣà bá wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìwé ni ogún. Mélòó nínú wa ni kò tíì sọ ọ́ rí pé eré sísá kì í bọ́ ẹnu? Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í rí. Ọmọ tí kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ eré, tí kò sí ẹni tó ń fún un lówó, tí ó ń wá ọ̀nà jáde nílé kó lè lọ fò lórí igi ìdènà, iná kan ń jó nínú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn pín ìtara sí oríṣi méjì: èyí tó ti inú ẹni wá, àti èyí tí owó, ìyìn tàbí ìbẹ̀rù ń ti láti ìta. Èyí tó ti ìta wá kì í pẹ́ kú bí owó àti ìyìn bá dáwọ́ dúró. Èyí tó ti inú wá ló máa ń kù lọ́wọ́ ẹni ní ọjọ́ tí nǹkan kò bá lọ déédéé.

Ní ọdún 2013, Tóbi gba fàdákà nínú eré igba mítà ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Warri. Ní 2015, ó gba góòlù eré onídènà ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní Addis Ababa, ó sì tún gbà á láàárín àwọn àgbà ní ìdíje gbogbo Áfíríkà ní Brazzaville. Ọmọ ọdún 18 péré ni nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ló gba yunifásítì kan lọ ní El Paso, ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí Lacena Golding-Clarke, obìnrin ọmọ Jamaica tó ti sá eré onídènà fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí, ti di kóòṣì rẹ̀.

Eré tí ìdènà wà nínú rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé eré náà fún àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọn kò wò ó rí. Ìdènà mẹ́wàá ni wọ́n máa ń tò sójú ọ̀nà náà. Gíga ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.8, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìbàdí obìnrin tó dàgbà. Láti ibi tí wọ́n ti gbéra dé ìdènà àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 13. Láti ọ̀kan dé èkejì jẹ́ mítà mẹ́jọ àti ààbọ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n sì ń gbé láàárín wọn. Ẹsẹ̀ tó bá ṣì gbé díẹ̀ ti bà á jẹ́.

Ohun kan tó dára wà nínú òfin eré yìí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbá ìdènà ṣubú láìmọ̀ọ́mọ̀, wọn kì í lé e kúrò. Ìdènà tó ṣubú kò pa eré rẹ rẹ́, ó kàn ń gba àkókò lọ́wọ́ rẹ ni. Ohun tó kù ni bóyá ojú rẹ á wà lára èyí tó ṣubú sílẹ̀ lẹ́yìn, tàbí lára èyí tó kù níwájú. Òótọ́ ni pé àgbà ń wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìgbà tí eré bá parí ló ń wò ó.

Ìpò kẹrin lẹ́ẹ̀mejì

Ní ọdún 2016, Tóbi lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio, ó sì dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ní 2018, ó gba góòlù Kọmọnwẹ́ẹ̀tì ní Gold Coast, ó sì gba ti ilẹ̀ Áfíríkà ní Asaba. Gbogbo ènìyàn wá ń retí pé ti àgbáyé ló kù.

Ní Doha, lọ́dún 2019, ó sá àṣekágbá ìdíje àgbáyé ní 12.49. Ẹni tó ṣe ìpò kẹta, Danielle Williams ti Jamaica, sá a ní 12.47. Ẹ gbà wá láyè ká ṣàlàyé ohun tí èyí jẹ́: bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 100, ọ̀nà méjì péré nínú rẹ̀ ló gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Òlíńpíìkì Tokyo tí àrùn Kòrónà sún síwájú wá dé. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ó tún wà nínú àwọn mẹ́jọ tó dé àṣekágbá. Ìpò kẹrin ló tún ṣe: 12.60 ni tirẹ̀, 12.55 ni ti Megan Tapper, ọmọ Jamaica tó gba idẹ.

Ẹni tó ṣe ìpò kẹjọ lè sọ pé àwọn yẹn jù mí lọ. Ẹni tó ṣe ìpò kẹrin kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti fi tu ara rẹ̀ nínú. Ó fojú rí àmì-ẹ̀yẹ, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó bá wá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ti di àmúwá Ọlọ́run, àwọn mìíràn á sì ní ẹnì kan ló ń ṣe é láti ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 38 péré lẹ́yìn Tokyo, ìyẹn ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Tóbi sá àṣekágbá Diamond League ní Zurich, ní Switzerland. Òun ló borí, ní 12.42. Ó fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ilẹ̀ Áfíríkà, 12.44, tí Glory Alozie ti fi lélẹ̀ láti ọdún 1998, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ náà. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn èyí tí ti Eugene fi ṣẹlẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí lọ́wọ́ àwọn òmùwẹ̀

Kí ló dé tí ìjákulẹ̀ kan náà fi ń sọ ẹnì kan di akin, tí ó sì ń sọ ẹlòmíràn di ọ̀lẹ? Ọ̀mọ̀wé Martin Seligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn òmùwẹ̀ Yunifásítì California ní Berkeley, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1990. Wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn òmùwẹ̀ náà ní ìbéèrè kí wọ́n lè mọ bí olúkúlùkù ṣe ń ṣàlàyé ohun burúkú tó bá ṣẹlẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, kóòṣì ní kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ dé ibi tí agbára wọn mọ, ó sì parọ́ fún wọn. Ó sọ fún olúkúlùkù pé kò yára tó bó ṣe yára gan-an. Wọ́n sinmi díẹ̀, ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Àwọn tó máa ń sọ pé bí ayé àwọn ṣe rí nìyẹn, pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i, ìwẹ̀ wọn burú sí i ní ẹ̀ẹ̀kejì. Àwọn tó máa ń sọ pé ti òní nìyẹn, ti ọ̀la á dára, kò sí àyípadà nínú ti wọn, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Agbára apá wọn kò yí padà láàárín ìsinmi kékeré yẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún ọkàn ara wọn ló yàtọ̀.

Ọ̀kan lára àwọn òmùwẹ̀ náà ni Matt Biondi. Ní Òlíńpíìkì Seoul ní 1988, àwọn ènìyàn ń retí pé yóò gba góòlù méje. Idẹ ló gbà nínú ìdíje àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, Anthony Nesty ti Suriname fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá gba góòlù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé ó ti parí fún un. Góòlù ni Biondi gbà nínú gbogbo márùn-ún tó kù.

Ìwádìí mìíràn tún wà, èyí tó jáde ní 1995. Àwọn onímọ̀ wo ojú àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ ní Òlíńpíìkì Barcelona ti 1992. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé inú àwọn tó gba idẹ dùn ju ti àwọn tó gba fàdákà lọ. Ẹni tó gba fàdákà ń wo góòlù tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gba idẹ ń dúpẹ́ pé òun kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ibi tí ènìyàn bá gbójú sí ló ń sọ bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣe máa dùn ún tó.

Ẹni tó fi rẹ́kọ́ọ̀dù lélẹ̀ kó tó kan Tóbi

Ẹ ó tún rí irú ọ̀rọ̀ yìí lára ẹni tí Tóbi gba rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé lọ́wọ́ rẹ̀, Kendra Harrison ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ń yan àwọn tó máa lọ sí Òlíńpíìkì ọdún 2016, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́. Harrison, tí àwọn ènìyàn ti rò pé kò sí ẹni tó lè mú un, ṣe ìpò kẹfà. Kò rí Rio lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Keje, ó sá eré kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 12.20. Rẹ́kọ́ọ̀dù 12.21 tí Yordanka Donkova ti Bulgaria fi lélẹ̀ láti 1988 ló fọ́ yẹn.

Ọmọ Òde Lẹ́mọ tó dúró fún ọdún mẹ́wàá

Kò yẹ ká rò pé ọ̀sẹ̀ méjì tàbí ọjọ́ 38 ni ìdáhùn máa ń fi dé fún gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà inú wa yóò rántí Falilat Ògúnkọ̀yà, ọmọ Òde Lẹ́mọ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ní 1986, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó gba góòlù eré igba mítà nínú ìdíje àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́ ní Athens. Gbogbo ènìyàn rò pé kò ní pẹ́ kó tó gba ti àwọn àgbà. Òlíńpíìkì 1988 kọjá, ti 1992 kọjá, kò gba àmì-ẹ̀yẹ kankan.

Kò jókòó sunkún igba mítà. Irinwó mítà ló wá gbájú mọ́. Ní Atlanta, lọ́dún 1996, ó fi 49.10 gba idẹ lẹ́yìn Marie-José Pérec ti Faransé àti Cathy Freeman ti Ọsirélíà, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dá gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì nínú eré sísá. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún gba fàdákà nínú eré alọ́pàá ti irinwó mítà. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi dúró. Ògúnkọ̀yà kò fi eré sílẹ̀, ọ̀nà tó gbà ń lépa rẹ̀ ló pààrọ̀.

Nígbà tí ẹ̀bi kì í ṣe ti eléré

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìjákulẹ̀ kan wà tí wíwo ẹ̀yìn kò lè wò sàn, nítorí pé eléré kò rí ohun tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́. Ní Tokyo ní 2021, ọmọ Nàìjíríà mẹ́wàá ni wọn kò jẹ́ kí wọ́n díje nítorí pé wọn kò tíì ṣe iye àyẹ̀wò oògùn tí òfin béèrè fún wọn. Ní Paris ní 2024, orúkọ Favour Ofili kò sí lára àwọn tó máa sá ọgọ́rùn-ún mítà, bẹ́ẹ̀ ó ti yege láti sá a. Iṣẹ́ àwọn alákòóso ni láti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ó sá igba mítà, ó dé àṣekágbá, ó ṣe ìpò kẹfà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ìròyìn jáde pé ó fẹ́ máa sá fún orílẹ̀-èdè Turkey.

Ẹni tó bá gbá ìdènà lè lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò ó. Kí ni ẹni tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fẹ́ lọ kọ́? Ohun tó ń pa ìtara ọmọ ènìyàn jù lọ ni kó rí i pé bí òun ṣiṣẹ́, bí òun kò ṣiṣẹ́, ọgbọọgba ni. Àwọn tó ń ṣe ìjọba lórí eré ìdárayá ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe eré ọjọ́ kan ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́.

Oyin pẹ̀lú ewúro

Ti Tóbi náà kò di adùn títí lẹ́yìn Eugene. Ní oṣù Keje 2023, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé wọn kò bá a nílé nígbà mẹ́ta tí wọ́n wá fún àyẹ̀wò oògùn, wọ́n sì dá a dúró. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹjọ ni ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ dá a láre, nígbà tí ìdíje àgbáyé ti Budapest ku ọjọ́ méjì. Ó lọ, ó sì ṣe ìpò kẹfà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ó gba ife Diamond League fún ìgbà kẹta léraléra. Ní oṣù Kẹfà 2024, ilé ẹjọ́ àgbáyé fún eré ìdárayá tún dá a láre nínú ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí wọ́n pè.

Òlíńpíìkì Paris ti 2024 wá burú ju ti Tokyo lọ. Ìpò kẹta ló ṣe nínú ìsọ̀rí rẹ̀ ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ní 12.55, àṣekágbá sì kọjá lọ lórí rẹ̀. Ẹni tí rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé wà lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó, ó ń wo àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdíje àgbáyé padà sí Tokyo ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ní ìlú tí ó ti ṣe ìpò kẹrin rí, ó sá a ní 12.29, ó gba fàdákà lẹ́yìn Ditaji Kambundji ti Switzerland. Rẹ́kọ́ọ̀dù 12.12 rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí la ó sọ fún ọmọ tó pàdánù?

Ọ̀rọ̀ yìí kan wa nílé. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ wa ń sá eré ní ọjọ́ intáháòsì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní àwọn abúlé wa gbogbo. Ọ̀kan á ṣe ìpò kìíní, àwọn yòókù á padà sílé. Ohun tí bàbá tàbí ìyá bá sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lè pẹ́ lọ́kàn ọmọ ju ife tí wọn kò fún un lọ.

Bí a bá sọ pé "Mo ti sọ fún ọ pé o kò lè sáré," a ti ṣe ohun tí kóòṣì Berkeley ṣe, ṣùgbọ́n àwa kò ní padà wá sọ fún ọmọ náà pé irọ́ ni. Bí a bá sì sọ pé "Ìwọ lo yára jù, wọ́n rẹ́ ọ jẹ ni," nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, a ti kọ́ ọ láti máa wo iwájú bóyá ẹnì kan á gbé e dìde. Ohun tó yẹ ká bi í ni pé: "Ibo ni ẹsẹ̀ rẹ ti ṣì? Kí lo máa ṣe sí i?" Ìbéèrè yìí ń sọ fún ọmọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdí, ìdí náà sì ní àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká tún kọ́ wọn láti gbé àfojúsùn méjì ka iwájú. Èkíní ni pé mo fẹ́ gba ipò kìíní. Èyí wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú. Èkejì ni pé mo fẹ́ gbéra dáadáa ju ti àná lọ. Èyí wà lọ́wọ́ ọmọ náà nìkan. Ẹni tó bá ní àfojúsùn kejì yìí lè pàdánù eré, kó sì tún mú nǹkan kan bọ̀ nílé.

Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè mọ ohun tí à ń sọ. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá gun ẹṣin wọn wọlé tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, tí ìlù ń dún, tí ìbọn ń ró, a máa ń pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹṣin ti gbé wọn ṣubú kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n gùn. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn mọ iye rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tó dúró tì wọ́n lọ́jọ́ náà.